Rírìn Ni Iṣẹ́ Mi: Láti Bẹyẹrúnkà dé Etí Òkun Súsà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá mi pé iṣẹ́ wo ni ọmọ wọn obìnrin ń ṣe, ìdáhùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: "Ó ń rìn." Wọn a sì mí kanlẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹyẹrúnkà a bá wọn mí kanlẹ̀, nítorí lójú wọn, ọmọbìnrin tó ń rìn kò tíì ríṣẹ́.

Òótọ́ ni ìyá mi sọ. Rírìn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Amọ̀nà arìnrìn-àjò ni mí. Mo kó àwọn ará Ìbàdàn lọ sí Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà. Lẹ́yìn náà, mo kó wọn lọ sí etí òkun ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà, ní òkè Áfíríkà lọ́hùn-ún, níbi tí omi ti ń dán bí aṣọ àrán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. N kò ní í tàn yín pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n mo gbádùn rẹ̀ wọnú eegun.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Alhaji Sànúsí, tí ilé wọn wà lẹ́yìn gbọ̀ngán Mápó, ló ń kó àwọn tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ń wá obìnrin tí yóò máa tọ́jú àwọn obìnrin, torí ọkùnrin kò lè bá ìyá arúgbó dé ilé ìwẹ̀. Bàbá mi mú mi lọ síwájú wọn. Owó tí wọ́n dá lé e kéré, mo gbà á. Ó parí.

Mo rò pé bàálù ló kàn. Irọ́ ni. Ọjà'ba ni Bàbá Sànúsí kọ́kọ́ rán mi lọ. Wọ́n pe àwọn ìyá àgbà kan jọ láti agbo ilé wọn, wọ́n ní kí n kó wọn láti òkè Mápó sọ̀ kalẹ̀, kí a la ọjà já, kí n sì kó wọn padà. Mo ṣáájú, mo ń yan bí ológun. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí ń tẹ̀ lé mi. Ọ̀kan ń ná ata. Ọ̀kan ti bá ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ jókòó. Ọ̀kan tilẹ̀ ti gba ilé rẹ̀ lọ, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Bàbá ń dúró dè mí ní ìsàlẹ̀ òkè.

"Múíbá, ta lò ń mú lọ?"

"Àwọn ìyá ni, Bàbá."

"Àwọn ìyá dà?"

Mo tún bojú wẹ̀yìn.

"Amọ̀nà tó bá ń sáré, ara rẹ̀ nìkan ló ń mú lọ. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù nínú wọn ni ẹsẹ̀ tìrẹ. Padà lọ kó wọn."

Mo padà. Mo sì tún padà lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, títí àwọn aláta fi mọ̀ mí tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ mi: "Ẹ yà o, àwọn aláàjì Ọjà'ba ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ bí a ti ń rìn. Ẹ má fojú tín-ínrín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ni kò mọ ìrìn.

Bàbá Sànúsí kì í pariwo mọ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ wọn ló ń nà mí. Lọ́jọ́ kan ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, ó rẹ̀ mí, mo jókòó lé àpótí mi nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà lórí ìdúró. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n kàn wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbàlagbà tó tó bí bàbá mi lọ́mọ, wọ́n dúró láì wo apá ibi tí mo wà, títí mo fi fúnra mi dìde. N kò tún jókòó ṣíwájú ẹni tí mo bá mú rìn mọ́ láyé mi. Kì í sì í ṣe ìjókòó nìkan. A kì í jẹun ṣáájú wọn. A kì í sùn ṣáájú wọn. Bí inú bá ń run ọ̀kan nínú wọn, Bàbá a ní, "Múíbá, inú ń run ọ́ o, lọ wá oògùn."

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ kíkà. Nígbà àkọ́kọ́ tí a wọ bọ́ọ̀sì láti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo na ìka, mo bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Bàbá arúgbó kan láti Bẹẹrẹ gbá ìka mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ yìí, ewúrẹ́ ni wá? Ta lo fẹ́ tà wá fún?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Sànúsí. Wọ́n fà mí sẹ́yìn.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àgbà wá ńkọ́?"

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé wọ́n pé, Bàbá?"

"Kí a tó kúrò nílé, fún oníkálukú ní ẹnìkejì. Bí o bá wọ ọkọ̀, má ka ẹnikẹ́ni. Béèrè pé, 'Ta ni kò rí ẹnìkejì rẹ̀?' Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, wọ́n pé nìyẹn."

Mo rò pé ó máa já wa kulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò já wa kulẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, a ò gbàgbé ẹnì kan lọ́nà Mẹ́kà. Ènìyàn lè gbàgbé àpótí, ó lè gbàgbé bàtà, ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ fún ará Ìbàdàn pé, "Ìwọ lo ni ìyá yìí," kò ní í fi í sílẹ̀.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà bí ọdún ti ń yí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà funfun la fi ń kọ ÌBÀDÀN sára àpótí, gàdàgbà, kí a lè rí i láti òkèèrè. Tíkẹ́ẹ̀tì dà bí ìwé kékeré tí a ń ya lójú ewé. Àsíá wa ni agboòrùn tí mo so gèlè pupa mọ́ lórí. Lẹ́yìn náà ni àpótí ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń fà dé, a sinmi rírù. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, tíkẹ́ẹ̀tì wọnú rẹ̀, àwòrán ọ̀nà wọnú rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà nílé sì ń rí ìyá wọn lórí rẹ̀ kí ìyá náà tó dé òtẹ́ẹ̀lì. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Sànúsí ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní, "Fóònù yín yìí, ǹjẹ́ ó mọ ìyá tí ìtìjú ò jẹ́ kó béèrè ilé ìyàgbẹ́?"

Nígbà tí ojú wọn ṣú tí wọn kò lè rìn mọ́, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Bí òkun ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Alhaja Rábì, ẹgbẹ́ mi ni, aṣọ ló ń tà ní Gbági. Mo ti mú un lọ sí Mẹ́kà. Ó wá bá mi nílé lọ́jọ́ kan, ó ju báàgì sórí àga mi.

"Alhaja Múíbá, mo ti lọ Mẹ́kà, mo sunkún. Mo ti lọ Mẹ̀dínà, mo sunkún. Ibo la máa ń lọ tí a kì í sunkún?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo fẹ́ ibi tí mọ́ṣáláṣí pọ̀, tí òkun wà, tí ènìyàn lè ti ibẹ̀ lọ wo ìlú mìíràn láàárọ̀ kí ó sì padà wá jẹun alẹ́. Súsà ni mo rí, ìlú etí òkun ní Tùnísíà. Mo lọ sọ fún Bàbá Sànúsí lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ̀rù ń bà mí.

"Òkun?" ni wọ́n wí. "Kí lẹ fẹ́ fi òkun ṣe?"

"A fẹ́ wò ó ni, Bàbá."

"Wíwò náà ìjọsìn ni, bí ẹni tó ń wò ó bá mọ ẹni tó dá a. Ẹ lọ wò ó."

Ìgboro Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti Bẹẹrẹ dé Mọ̀lété, wọ́n ní Múíbá ti fi ọ̀nà Ọlọ́run sílẹ̀, ó fẹ́ kó àwọn ìyá àgbà lọ wẹ̀ níwájú òyìnbó. Mo mọ̀ pé bí ìrìn-àjò yẹn bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tí yóò tún fi ìyá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ mọ́, ìbáà ṣe Mẹ́kà ni mo ń lọ.

Àwọn tó tẹ̀ lé mi jẹ́ ọlọ́kàn líle. Alhaja Rábì wá, ó sì mú ìyálé rẹ̀ dání. Ọkọ wọn ti kú, ṣùgbọ́n ilé kan náà ní Bẹẹrẹ ni àwọn méjèèjì ṣì ń gbé. Ìyá Bẹẹrẹ ni gbogbo wa ń pe ìyálé yìí. Aṣọ kíjìpá ni wọ́n hun dàgbà, lórí òfì ìnàró tí àwọn obìnrin àtijọ́ ń lò nínú ilé. Àwọn méjèèjì ni mo ṣe ní ẹnìkejì ara wọn. Bàbá Jóṣúà náà wà níbẹ̀, Aládùúrà láti Òkè-Àdó, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fi òkun náà hàn wọ́n lójú àlá, nítorí náà wọn kò lè má lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àárọ̀ àkọ́kọ́ fún yín. Òtẹ́ẹ̀lì wa funfun báláú, àwọn fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró. A la ọgbà já, a gun òkìtì iyanrìn kékeré kan, òkun sì yọ sí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Jóṣúà bọ́ bàtà, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìyá Bẹẹrẹ rí àwọn òyìnbó tó nà gbalaja sínú oòrùn, wọ́n fi ọwọ́ bojú.

"Rábì, ṣé wọn ò rówó ra aṣọ ni?"

"Wọ́n lówó, Ìyálé mi. Oòrùn ni wọ́n wá rà."

"Tiwa tó wà ní Bẹẹrẹ ńkọ́? Kí wọ́n wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́."

Wọ́n yí àga wọn padà, wọ́n kẹ̀yìn sí àwọn òyìnbó, wọ́n kọjú sí omi. Wọn kò sì dìde níbẹ̀ títí àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì fi pe wá sí oúnjẹ ọ̀sán.

Lójoojúmọ́ la ń jáde. Múnírù, ọmọ Tùnísíà tó ń bá wa ṣe ògbufọ̀, ń wá gbé wa láàárọ̀. A lọ sí ìlú kan lórí òkè tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ dà bí aṣọ aláró, Alhaja Rábì sì ń béèrè ẹni tó ń ta aró fún wọn. A lọ sí Ẹl-Jẹ́mù, níbi tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti kọ́ pápá ìwòran olókùúta kan láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ, tó ga tó ń dẹ́rù bani. Bàbá Jóṣúà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibà lára ọmọ.

"Àwa tí a rò pé Mápó tóbi," ni wọ́n wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Káíráwàn ló kàn. Ìlú mọ́ṣáláṣí ni, kò jìnnà sí Súsà, gbogbo wa la sì ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìjà ti ṣẹlẹ̀. Alhaja Rábì ti wọ inú òkun dé ìbàdí, ó ń fi omi ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìyá Bẹẹrẹ wò ó láti orí àga wọn.

"Opó tí ń bá omi ṣeré. Háà."

"Ọkọ wa ti lọ, Ìyálé mi. Kò ní kí n má wẹ̀."

"Ó dáa. Má wá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ mọ́."

Ẹ̀mí mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà orogún kì í ṣe ohun tí àlejò ń dá sí. Wọ́n wọ ọkọ̀. Ìyá Bẹẹrẹ lọ jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ Bàbá Jóṣúà, Alhaja Rábì jókòó síwájú. Síbẹ̀, báàgì ìyálé rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà kò ní kí ìyàwó má ru ẹrù ìyálé.

Mọ́ṣáláṣí ńlá Káíráwàn! Òpó lójú òpó, òkúta lóríṣiríṣi àwọ̀, kò sí èyí tó jọ èkejì. Bàbá Jóṣúà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn òpó náà láti ẹnu ọ̀nà. Múnírù sáré dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àgbà ìlú òun máa ń sọ pé ẹni tó bá ka àwọn òpó yẹn, ojú rẹ̀ á fọ́. Àwọn ìyá wa pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí nǹkan? Wọn kì í kà níbí náà."

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé ìhun kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ìyá Bẹẹrẹ rí òfì tó wà níbẹ̀, wọ́n dúró. Òfì ìnàró ni, irú tiwọn. Ìyá arúgbó kan ló wà nídìí rẹ̀, ó ń ta kókó òwú, ó ń gé e. Kò gbọ́ Yorùbá, Ìyá Bẹẹrẹ kò gbọ́ Lárúbáwá ju ti inú ìrun lọ. Ó sún, ó fún wọn láàyè lórí pákó. Ìyá Bẹẹrẹ jókòó. Wọ́n mú òwú. Àwọn arúgbó méjì náà ń hun ìlà kan ṣoṣo, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, wọ́n ń pàdé láàárín. A gbàgbé láti ya fọ́tò.

Múnírù ní àkókò ti lọ. A dìde, a ń jáde. Mo gbọ́ tí Ìyá Bẹẹrẹ ń sọ pé, "A ò tíì dágbére fún onílé." Ìyá arúgbó yẹn ti wọlé lọ kírun. Múnírù ní kò séwu, òun yóò bá wa kí i. A lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ti máa ń ṣe.

"Ta ni kò rí ẹnìkejì rẹ̀?"

Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Nítorí ìjà àárọ̀, mo tún yíjú sí Alhaja Rábì.

"Alhaja, Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà," ló wí, láì wẹ̀yìn.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Gbági, kó tún sọ fún mi ìdí tó fi dáhùn bẹ́ẹ̀, kí n má bàa kọ irọ́. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Mo rò pé wọ́n wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n jókòó sí nígbà tí à ń lọ. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, wọn á rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ṣé kí n wá sọ lójú gbogbo ayé pé èmi àti ìyálé mi ò sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ ilé kọ́ ni?"

Bàbá Jóṣúà náà ti sùn lọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n rò pé Ìyá ti padà sọ́dọ̀ orogún wọn. "Mo ní ìjà ti parí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sùn."

A ti rìn jìnnà láàárín àwọn oko igi ólífì nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Inú báàgì Ìyá Bẹẹrẹ ni, lórí itan Alhaja Rábì. Ọmọ wọn ló ń pè láti Ìbàdàn. Alhaja Rábì wo fóònù náà, ó tú ojú ká, ó dìde láti lọ gbé e fún ìyálé rẹ̀. Mo rí i tó ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo rí i tó dúró. Bàbá Jóṣúà ń sùn, fìlà wọn wà lórí àga kejì. Fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbé e fún.

"Alhaja Múíbá," ló wí, jẹ́jẹ́. "Ìyálé mi ò sí níbí."

Mo ní kí awakọ̀ dúró. Ó ní ká kọ́kọ́ dé òtẹ́ẹ̀lì, kí àwọn èrò jẹun, kí òun wá gbé èmi nìkan padà. Bàbá Jóṣúà ti jí.

"Ta ló fẹ́ jẹun nínú yín?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Múnírù túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún awakọ̀. Ó yí ọkọ̀ padà.

N kò ní í gbàgbé ọ̀nà yẹn. Mo ń ro arúgbó tí kò ní fóònù, tí kò ní pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́, tí kò gbédè ẹnikẹ́ni. Mo ń ro àwọn ọmọ wọn. Mo ń ro ohun tí wọ́n máa sọ ní Bẹẹrẹ àti Mápó. Alhaja Rábì jókòó tì mí, ó di báàgì náà mú sí àyà.

"Bí n kò bá rí wọn, n kò ní í padà sílé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wọlé?"

Nígbà tí a dé Káíráwàn, Múnírù ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Wọn ò lọ bá ọlọ́pàá," ni Alhaja Rábì wí. "Wọ́n lọ dágbére. Mo mọ ìyálé mi."

Ilé kápẹ́ẹ̀tì ti tì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òótọ́ ni, ìyá aláwọ̀ dúdú kan padà wá. Ìyá ahunṣọ náà ti ṣíwọ́, ó ń lọ sílé, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ. Níbo? Ó nawọ́ sí àdúgbò kan lẹ́yìn ògiri ìlú àtijọ́. Kò mọ ilé náà.

Ẹ ò tíì rí ìlú àtijọ́ Káíráwàn. Ọ̀nà tóóró, ògiri funfun, ilẹ̀kùn bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fojú inú wo agbo ilé Ìbàdàn àtijọ́ tí wọ́n kùn ní ẹfun. A pín ara wa, a ń ké pé, "Alhaja! Alhaja!" Ilẹ̀kùn ń ṣí. Arúgbó kan yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, arúgbó mìíràn yọ lójú fèrèsé. Gbogbo wọn ló ti lọ sí Mẹ́kà, gbogbo wọn ni Alhaja. Bàbá Jóṣúà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní Yorùbá, wọ́n ń dá wọn lóhùn ní Lárúbáwá. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀.

"Ìyá Bẹẹrẹ!" ni mo ń ké. Ohùn mi ò lọ ju orígun ògiri lọ.

Alhaja Rábì dúró láàárín ọ̀nà. Kò sí ìyàwó kankan nílé wọn tó ń pe orúkọ ìyálé. Láti ìgbà tó ti wọ ilé yẹn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, "Ìyálé mi" ló ń pè wọ́n, lójú wọn àti lẹ́yìn wọn. Èmi pàápàá, inú pásípọ́ọ̀tù nìkan ni mo ti rí orúkọ náà. Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká bí ẹni ń pe ẹni tó wà lóko.

"Ṣìfáwù o! Ṣìfáwù Àjíkẹ́!"

Ó tún pè é.

"Ṣìfáwù Àjíkẹ́ o!"

Láti òkè ilé kan tó wà lẹ́yìn wa gan-an, ohùn kan sọ̀ kalẹ̀.

"Ta ni aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn?"

A gbójú sókè. Ìyá Bẹẹrẹ dúró lórí òrùlé pẹrẹsẹ, òwú pupa ń fò lọ́wọ́ wọn, ìyá ahunṣọ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ìwọ Rábì lo pe orúkọ mi?"

"Èmi ni."

"Ní ìgboro?"

"Ní ìgboro. Ẹ sọnù."

"Ta ló sọnù? Mo mọ ibi tí mo wà. Ẹ̀yin ni n kò mọ ibi tí ẹ gbà."

Alhaja Rábì jókòó sílẹ̀ lórí òkúta ọ̀nà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí i, kó tó wá di ẹkún. Ìyá Bẹẹrẹ gba inú ilé sọ̀ kalẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n dúró lórí Rábì, wọ́n wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún gèlè rẹ̀ tó ti yẹ̀ ṣe.

"Dìde. Ilẹ̀ yìí tutù."

Ìyá ahunṣọ náà kò gbà ká lọ. Gbogbo èrò ọkọ̀ wọlé, títí kan awakọ̀. Búrẹ́dì gbígbóná, òróró ólífì, dàbínù inú àkàrà dídùn, tíì oníṣúgà tó ń hó. Kò sí àga tó tó wa, a jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti lọ sí ibi púpọ̀ láyé, n kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Sànúsí. Mo ní láti ọjọ́ yẹn, n kì í béèrè kí n sì gba ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Mo máa ń ní kí oníkálukú di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ mú kó gbé ọwọ́ náà sókè kí n rí i. Bàbá Sànúsí dá mi lóhùn.

"Èmi fi etí ṣiṣẹ́ tèmi. Ìwọ ti fi ojú kún un. Máa ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ èdè, ẹ kọ́ fóònù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ìwà àwọn tí ẹ bá ń mú rìn ṣáájú ìwọ̀nyẹn. Ilé ni ènìyàn ń gbé rìn, kì í fi í sílẹ̀ nílé. Ìjà ilé ń tẹ̀ lé e lọ, ẹ̀kọ́ ilé náà ń tẹ̀ lé e lọ.

Kò pẹ́ tí a dé ni Làmídì, àkọ́bí Ìyá Bẹẹrẹ, wá sílé mi. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, awakọ̀ akẹ́rù ni. Mo rí i láti ojú fèrèsé tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ìgboro. Mo gbé àga fún un. Kò jókòó.

"Ìyá, ẹ kú ilé. Wọ́n ní ẹ gbàgbé ìyá wa sí ilẹ̀ Lárúbáwá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Làmídì."

"Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ ló yí padà, tí ẹnikẹ́ni ò jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n ní ìyàwó bàbá wa ló pe orúkọ ìyá wa."

"Ó pè é."

Ó wolẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹni ńlá bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Obìnrin náà ti ń dúró níta látàárọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì na ọwọ́ sí mi. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀.